Ẹní Bá Da Omi Síwájú: Ìtàn Iná Tí A Kò Rí àti Ẹ̀rọ Tó Ń Gbẹ́ Igi

Àwọn tó ń ṣètò ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn iṣẹ́ ọwọ́. Ìtàn tí mo mú wá bẹ̀rẹ̀ láti ara oje igi kan nílẹ̀ Gíríìsì, ó sì parí sí inú ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Kàdúná. Ó ná mi lówó, ó sì kù díẹ̀ kí ó ná mi ní ọ̀rẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, nígbà tí ọyẹ́ mú gidigidi, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń gbẹ́ igi, èyí tí mo fi owó tí mo yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rà, ṣàdédé dákẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kan la ń fín òdòdó sí lára lọ́jọ́ náà. Ọmọ iṣẹ́ mi ló dúró tì í. Ó ní òun kò ṣe ju pé òun fọwọ́ kan àpótí tí ọpọlọ ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, nǹkan ta òun lọ́wọ́ bí ìgbà tí kòkòrò bá ta ènìyàn, ni ẹ̀rọ bá kú. N kò gbà á gbọ́. Mo ní ó ti tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀, mo sì ní kí ó máa lọ sílé. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni bàbá rẹ̀. Odidi oṣù méjì ni àwa méjèèjì kò fi kí ara wa dáadáa nípàdé.

Nígbà tí ọmọkùnrin kan tó kàwé nípa ẹ̀rọ wá tú àpótí náà wò, ìbéèrè tó bi mí yà mí lẹ́nu. Ó ní, “Bàbá, irú aṣọ wo ni ẹ máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́ níbí? Ṣé wáyà ilẹ̀ wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bá ọmọ yẹn wí. Ọyẹ́ ló pa ẹ̀rọ yín.” Mo rò pé ó ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ìwádìí tí mo ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà ló di àròkọ yìí.

ÀWỌN BÀBÁ WA ÀTI IGI TÚTÙ

Iṣẹ́ ọnà igi kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí wa. Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tó di olóògbé ní ọdún 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ̀rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Wembley ní ìlú London ní ọdún 1924. Ilẹ̀kùn náà kò padà wálé mọ́. Inú British Museum ló wà. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó kú ní ọdún 2009, gbé iṣẹ́ yìí kiri àgbáyé, ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyí mọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké gé igi títí ìrísí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yóò fi hàn. Èkejì ni àlétúnlé, tí wọ́n ń ya orí sọ́tọ̀, tí wọ́n ń ya apá sọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta ni dídán. Ẹ̀kẹrin ni fínfín, níbi tí ọ̀bẹ ti ń ya ilà àti irun. Ẹ̀rọ òde òní kò kúrò lójú ọ̀nà yìí. Bíìtì ńlá ló kọ́kọ́ ń lé ọ̀nà, bíìtì kékeré ló ń fín an kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣiṣẹ́. Igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni wọ́n ń gbẹ́. Irin ló wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ ni wọ́n jókòó sí láìwọ bàtà, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ di igi mú. Aṣọ òwú ló wà lára wọn. Bí a bá ka nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí pọ̀, a ó rí i pé ọ̀nà wà láti ara igi dé ara ènìyàn, ọ̀nà sì wà láti ara ènìyàn dé inú ilẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò lè rí ibi kóra jọ sí lọ́dọ̀ wọn.

Kí ni ohun náà? Bí ohun méjì bá fara kan ara wọn tí wọ́n sì yà, tàbí tí wọ́n ń ha ara wọn, àwọn èròjà kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, máa ń kúrò lára ọ̀kan bọ́ sára èkejì. Bí wọ́n bá rí ọ̀nà dé ilẹ̀, wọ́n á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọn kò bá rí ọ̀nà, wọ́n á kóra jọ síbẹ̀, wọ́n á máa retí. Iná tó wà nínú wáyà ń ṣàn bí odò. Èyí dúró bí omi inú ìkòkò. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní iná adúrósójúkan. Ọjọ́ tí ìkòkò náà bá ya lójijì, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò fara gbá a.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ RÍ I

Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ní oje igi kan tó ti gan di òkúta, aláwọ̀ oyin, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni ēlektron. Wọ́n rí i pé bí a bá fi aṣọ nu ún dáadáa, yóò máa fa ìyẹ́ àti pòròpòrò mọ́ra. Thales ará Mílétù, tó gbé ayé ní nǹkan bí 600 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ni ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ kíyè sí i. Láti ara orúkọ òkúta yẹn ni àwọn Òyìnbó ti fa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe iná mànàmáná yọ.

Ó lé ní 2000 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ síwájú gidi. William Gilbert, oníṣègùn Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1600 nípa òòfà. Nínú rẹ̀ ló ti fi hàn pé gíláàsì, imí-ọjọ́ àti ọ̀pọ̀ òkúta mìíràn lè ṣe bí oje igi náà. Ó tún sọ ohun kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n níhìn-ín: bí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, agbára náà á rọ̀, bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, á le. Èyí ni pé láti ọdún 1600 ni wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ọyẹ́ sínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́ orúkọ Kánò tàbí Kàdúná rí.

Ẹnì kejì tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni Stephen Gray. Aláró ni, iṣẹ́ aṣọ pípa láró ni wọ́n bá nílé wọn ní ìlú Canterbury. Ní ọdún 1729, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan na okùn gígùn, wọ́n sì fi fọ́nrán sẹ́dà gbé e rọ̀ sókè kí ó má baà kan ilẹ̀. Agbára tí wọ́n fi gíláàsì tí wọ́n ti ha gbé síbi orí okùn kan rin dé orí kejì. Nígbà tí sẹ́dà já, wọ́n fi wáyà idẹ rọ́pò rẹ̀. Agbára náà kò dé ibì kankan mọ́. Idẹ ti gbé e sá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe mọ̀ pé àwọn ohun kan wà tó ń gbé iná kọjá, bí irin, idẹ, omi àti ara ènìyàn. Àwọn mìíràn sì wà tó ń dì í mú, bí sẹ́dà, gíláàsì àti rọ́bà.

Ní ọdún 1730, Gray fi okùn gbé ọmọkùnrin kan rọ̀ sókè, ó sì fi gíláàsì tó ti ha kan án lára. Ọwọ́ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí fa wẹ́wẹ́ idẹ mọ́ra. Ìgbà tí mo ka èyí ni orí mi wú. Ọmọ tí ara rẹ̀ kún fún iná, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀: ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn, lórí rọ́bà tí mo tẹ́ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú sílípáàsì rọ́bà lẹ́sẹ̀ àti ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù lọ́rùn. Wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀ fún ọdún 286 kí n tó lé e lọ sílé.

Lẹ́yìn náà ni Benjamin Franklin ará Philadelphia dé. Ní ọdún 1752, ó fi hàn pé mànàmáná ojú ọ̀run àti iná kékeré tó ń ta wá lọ́wọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù ni àtúnṣe tó bá a wá: ọ̀pá irin ṣóńṣó lórí òrùlé, àti wáyà láti ara rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọdún 1772, ó wà lára ìgbìmọ̀ tó gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí bí àrá kò ṣe ní sán ba ilé tí wọ́n ń kó ẹ̀tù ìbọn pamọ́ sí ní Purfleet. Franklin kò bá mànàmáná jà. Ó kàn la ọ̀nà fún un ni. Gbogbo ọgbọ́n tí a ní lónìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, lórí ìpìlẹ̀ yẹn ló dúró sí.

ẸRỌ TÓ Ń KA NỌ́ŃBÀ

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Parsons, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ń ṣe abẹ̀bẹ̀ hẹlikọ́pítà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó rò ó pé bí wọ́n bá kọ ibi tí ẹnu ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dé ní nọ́ńbà, ẹ̀rọ lè máa tẹ̀ lé nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1949, yunifásítì MIT dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, nígbà tó sì di ọdún 1952, wọ́n gbé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń gba àṣẹ láti inú bébà tí wọ́n lu ihò sí jáde fáyé rí. Ọpọlọ ẹ̀rọ yẹn tóbi ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé fáàfù, àwọn gílóòbù bí èyí tó wà nínú rédíò àtijọ́, ni wọ́n fi ṣe é. Fáàfù ń jẹ iná, ó sì ń gbóná, ṣùgbọ́n ó lágídí. Iná ọyẹ́ kékeré kò lè pa á.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, àwọn onímọ̀ ní Bell Labs ti ṣe tíránsístọ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1960, wọ́n gbé irú kan jáde níbẹ̀ tí awọ tín-ín-rín bíi ti gíláàsì wà láàárín ibi tí àṣẹ ń gbà wọlé àti ibi tí iná ń gbà kọjá. Awọ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíránsístọ̀ sórí ohun tí kò tó èékánná, ló sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kúrò nínú yàrá bọ́ sínú àpò. Awọ kan náà ló di ibi tí ikú ń gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di tín-ín-rín sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná tó lè lu ú ń kéré sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà sọ ọ́. Iná inú sọ́kẹ́ẹ̀tì wa jẹ́ nǹkan bíi 230 fólìtì. Iná adúrósójúkan kì í ta ènìyàn lọ́wọ́ kí ó mọ̀ ọ́n lára àyàfi tó bá tó nǹkan bíi 3000 fólìtì. Kì í pa wá nítorí pé ó kéré ní ìwọ̀n, ìṣẹ́jú àáyá kan kò sì pé tó fi ń tán. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà kọ̀ǹpútà kan wà tí 100 fólìtì péré lè bà jẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ènìyàn lè pa ọpọlọ ẹ̀rọ láìmọ̀, kí ó má gbọ́ ariwo, kí ó má rí ìtànṣán, kí nǹkan kan má sì ta á. Nígbà mìíràn pàápàá, kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á gbọgbẹ́ sínú, á ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò wá kú lọ́jọ́ tí kò sí ẹni tó ṣe é ní nǹkan. Ẹni tó bá wà nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọn yóò dì ẹ̀bi rù.

Àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà pàdánù púpọ̀ kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ni. Ní ọdún 1979 ni wọ́n ṣe ìpàdé ìjìnlẹ̀ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1980, iléeṣẹ́ ológun wọn gbé ìwé atọ́nà jáde. Ní ọdún 1982, àwọn onímọ̀ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ESD Association, tó ń ṣe ìlànà bí wọn yóò ṣe máa dáàbò bo ẹ̀rọ títí di òní.

OHUN TÍ ỌYẸ́ ŃṢE

Ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ ShopBot bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Durham ní Amẹ́ríkà, ó ń ta ẹ̀rọ agbẹ́gi oníkọ̀ǹpútà tí káfíńtà kékeré lè rà. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ yìí ti ń di ti mùtúmùwà, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù igi ni ibi tó burú jù tí ènìyàn lè gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà sí. Pákó gbígbẹ ni a ń gbẹ́, kì í ṣe igi tútù bíi ti àwọn bàbá wa. Ẹnu ẹ̀rọ ń yí ní ẹgbàágbèje ìgbà. Ìyẹ̀fun igi ń sáré kọjá nínú páìpù ike tó ń fà á lọ sínú àpò, ó ń ha ara páìpù lọ láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí Gray ń fi ọwọ́ ṣe ní ọdún 1729, páìpù náà ń ṣe é fúnra rẹ̀, kò sì sinmi.

Wàyí o, ẹ fi ọyẹ́ kún un. Ìwé atọ́nà ọdún 1980 yẹn sọ pé ẹni tó bá rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín 65 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún lè kó 1500 fólìtì sára. Bí ọ̀rinrin bá já wálẹ̀ sí 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni kan náà lè kó 35,000 fólìtì. Èyí tó ṣáájú dà bí afẹ́fẹ́ Èkó. Èyí tó kẹ́yìn ni afẹ́fẹ́ Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, nígbà tí ètè ń là, tí aṣọ ń ta páápáá bí a bá ń bọ́ ọ lóru. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ nílé tó sì gbé e wá síbí kò fi gbọdọ̀ sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi ń lo irú rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sì sí nǹkan kan.” Ilẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀.

A máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru NEPA, orúkọ tí a ṣì ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí mọ́ láti ọdún 2005. Lóòótọ́, iná tó bá dé lójijì lè ba ẹ̀rọ jẹ́. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù mi ní ẹ̀rọ tó ń tún iná ṣe lọ́jọ́ náà. Àwọn kan tún ní ayé ló ṣe mí. Kì í ṣe ayé. Ilẹ̀ ni n kò bá dọ́gba.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Èkíní, kí ẹ̀rọ ní ọ̀nà dé ilẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ní ihò mẹ́ta. Èyí tó wà lókè ni ti wáyà ilẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí a yé fi báírò ṣí i kí a tó ki orí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ̀ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ihò náà wà ṣùgbọ́n kò sí wáyà lẹ́yìn rẹ̀. Kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a ri ọ̀pá bàbà mọ́ ilẹ̀, kí a sì máa bomi rin ìdí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa.

Èkejì, kí páìpù ìyẹ̀fun náà ní ọ̀nà. Èyí tí wáyà irin yí po nínú rẹ̀ ló dára jù. Kí a bó orí wáyà náà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí a so ọ̀kan mọ́ ara ẹ̀rọ, kí a so èkejì mọ́ ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ̀fun, kí àwọn méjèèjì sì wà lórí wáyà ilẹ̀ kan náà.

Ẹ̀kẹta, ara wa. Aṣọ òwú ni kí a wọ̀, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Kí a tó fọwọ́ kan àpótí ọpọlọ ẹ̀rọ, tàbí kí a tó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kí a kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin tí wáyà ilẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú àpótí náà, kí ó kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ó sì lo ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ṣe fún un. Kí ẹnikẹ́ni má fi wáyà lásán so ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ o. Ẹ̀gbà náà ní ohun kan nínú tó ń dín iná kù, kí iná sọ́kẹ́ẹ̀tì má baà rí ọ̀nà gba ara rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rinrin. Lásìkò ọyẹ́, a máa ń wọ́n omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀, a sì máa ń gbé àwo omi tàbí aṣọ tútù sí igun yàrá. Kí omi jìnnà sí ẹ̀rọ àti wáyà, kí ilẹ̀ sì ti fà á mu kí a tó tan iná. Owó kékeré ni gbogbo èyí ń ná wa bí a bá fi wé owó ọpọlọ ẹ̀rọ kan.

Mo lọ sílé bàbá ọmọ náà ní alẹ́ ọjọ́ Sunday kan. Mo mú ọpọlọ ẹ̀rọ tó kú dání, mo gbé e lé orí tábìlì, mo sì sọ ìtàn Stephen Gray fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ ọmọ náà níwájú bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ní, “Bàbá, mo ní ó ta mí lọ́wọ́.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn ni ẹ̀rí tí mo nílò láti ọjọ́ kìíní, èmi ni n kò fetí sí i. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì parí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà. Òun ló ń bomi rin ìdí ọ̀pá bàbà wa láràárọ̀ títí ó fi gba òmìnira.

Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó rí, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹní bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ti mọ̀ báyìí pé ilẹ̀ tútù náà wúlò fún ẹ̀rọ bó ṣe wúlò fún ènìyàn.

Ọlọ́run yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú. Ọdún á yí po, a ó tún ṣe èyí tó ju èyí lọ. Àṣẹ.